Ohùn Tí Ọwọ́-Irin Gbọ́

"Ẹ gbé ẹlẹ́rìí wọlé," ni adájọ́ wí.

Ọlọ́pàá méjì ló tì í wọlé lórí táyà kéékèèké, nítorí ó wúwo, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ó rí bí apá ènìyàn tí a yọ láti èjìká, ṣùgbọ́n irin ni láti òkè délẹ̀. Ìka rẹ̀ gùn, wọ́n sì rọ̀ bí ìka ẹni tó ń kó irun ọmọ. Etí kan ṣoṣo tó fẹ̀ bí ewé kókò wà lẹ́bàá èjìká náà. Ọwọ́-Irin ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Òkè-Ìrọ̀rùn tí kò ní tirẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù mú aṣọ funfun, ó nu eruku etí náà nù, bí òfin ṣe ní kí a ṣe fún ẹ̀rọ tó bá fẹ́ jẹ́rìí. Ó ní, "Ṣé òtítọ́ ni wàá sọ?"

"N kò mọ nǹkan mìíràn sọ," ni Ọwọ́-Irin dáhùn. "Ohun tí mo gbọ́ nìkan ni mo ní."

Màmá Lìdíà Aládéjànà jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Òun ló pe ẹjọ́. Níwájú rẹ̀ nílẹ̀, nínú agbọ̀n ńlá kan, ni ohun tó bà jẹ́ náà wà, ó là sí méjì bí àgbọn. Àdín ṣì ń sun jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí àdín ni gbogbo ọkọ̀ ń mu láti ìgbà tí epo inú ilẹ̀ ti tán. Òórùn rẹ̀ gba inú kóòtù kan, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń dín nǹkan lẹ́yìn ilé, ikùn ọlọ́pàá kan sì dún.

Akọ̀wé kà á sókè pé, "Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan, èyí tí ará ìlú ń pè ní ọkàn ọkọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun Ọdẹ́yalé lódidi, ó jáde ní fífọ́. Òfin Ohùn sọ pé: Ohùn tí ẹ̀rọ bá gbọ́, tó sì tìtorí rẹ̀ ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́, kí a ti ohùn náà."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí a ti ohùn ènìyàn. Wọ́n ti rí Gbádégẹṣin oníbúrẹ́dì, tí wọ́n ti ohùn tirẹ̀, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ bí àlejò títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi dé láti sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí. Ẹ̀rọ omi kò dá a lóhùn. Ààrò kò gbọ́ tirẹ̀. Bó bá wọ ọkọ̀, tó sọ pé kó máa lọ, ọkọ̀ a dúró gbagidi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, yíjú sí Màmá Lìdíà. "Mọ̀mí, ẹ sọ tẹnu yín."

Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ sí i létí pé, "Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ní Olúwa mi."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Màmá Lìdíà dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "mo sì ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí."

Ẹ̀rín sọ. Adájọ́ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ pè mí ní ohun tó bá wù yín, mà."

"Adájọ́ àgbà, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ tó ń wúkọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Àdín ló dì sí i lára, mo ní kí wọ́n bá mi fọ ọkàn rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wúkọ́ ni mo gbé lọ, òkú ọkọ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Ẹ sì mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń lọ kó àwọn aláboyún láti àwọn abà ẹ̀yìn odò wá sí ilé ìgbẹ̀bí. Méjì nínú wọn ló ti sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fọ́ ọkàn ọkọ̀ mi wá tún un ṣe. Bí òfin bá sì ní ìyà, kí ó jẹ ẹ́."

"Lánipẹ̀kun, o gbọ́?"

Lánipẹ̀kun dìde. Ó ga, ó sì sanra, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì tí ọṣẹ kò lè bọ́ mọ́. "Olúwa mi, mo sọ ọ́ kedere. Fọ̀ ọ́ ni mo wí. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé fífọ̀ yàtọ̀ sí fífọ́."

"Bóyá òtútù ló mú ẹ lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá Lìdíà sọ láti ìjókòó rẹ̀.

"Mọ̀mí, òtútù wo ló ń sọ fọ̀ di fọ́? Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀? A kúkú jọ ń ṣeré ni."

"Eré kẹ̀! Ẹ gbọ́ eré tó ń ṣe, adájọ́ àgbà. Ó ní Lìdíà tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Olúwa ló ṣí ọkàn rẹ̀, ó ní tèmi, Lánipẹ̀kun ni yóò ṣí i!"

"Mo sì ṣí i dáadáa!" ni Lánipẹ̀kun wí, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹ̀rù sì ń bà á. "Mo ṣí i. N kò fọ́ ọ."

Adájọ́ yíjú sí ẹlẹ́rìí. "Ọwọ́-Irin, àṣẹ wo lo kọ́kọ́ gbọ́?"

Etí irin náà yí díẹ̀, ohùn Lánipẹ̀kun gan-an sì ti inú rẹ̀ jáde: Fọ̀ ọ́.

"Ẹ rí i!" ni Lánipẹ̀kun ké.

"Mo lọ bu omi gbígbóná," ni Ọwọ́-Irin ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kí omi tó dé ara ọkàn náà, àṣẹ mìíràn dé. Ó ní: ọkàn yìí, fọ́ ọ, fọ́ ọ, fọ́ ọ. Àṣẹ ìkẹyìn ni ẹ̀rọ ń ṣe. Mo fọ́ ọ."

Ariwo sọ nínú kóòtù. Lánipẹ̀kun ní irọ́ ni. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ nípa ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo. Adájọ́ lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Jẹ́ kí a gbọ́ ọ," ni ó wí, ó sì tẹ̀ síwájú lórí àga. "Bí o ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́."

Ohun tó jáde kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ó dà bí fèrè méjì tí wọ́n ti kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀:

*Ọkàn yìí rèé, Olùgbàlà,*
*Fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́;*
*Èérí ọjọ́ pípẹ́ bò ó,*
*Fọ̀ ọ́ kó funfun.*

Àwọn àgbàlagbà mélòó kan mi orí. Wọ́n mọ orin náà. Orin ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìrọ̀rùn láti ìgbà tí òrùlé ibẹ̀ ṣì jẹ́ páànù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá Lìdíà ti dì mọ́ okùn àpò rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà, sòfà orin ló ń kà.

"Mí re," ni ó ń sọ sínú. "Mí re, mí re."

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní sòfà, kò sì sí bí ohun náà ṣe lè fara pamọ́ fún un. Dò mí ni fọ̀ ọ́. Mí re ni fọ́ ọ. Ohùn orin náà wá láti òkè òkun, àwọn òyìnbó ló ṣe é fún ọ̀rọ̀ tiwọn, àwọn baba wa sì ki ọ̀rọ̀ tiwa bọ inú rẹ̀ bí ẹni ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn òyìnbó ń gòkè. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ tí kò mọ ohun tó ń tọrọ.

Ó wá yé e pé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni òun ti ń sọ fún Ọlọ́run pé kó fọ́ ọkàn òun. Ọlọ́run gbọ́ èyí tó wà nínú. Irin gbọ́ èyí tó wà lẹ́nu.

"Ohùn méjì ni mo gbọ́," ni adájọ́ wí.

"Méjì ni," ni Ọwọ́-Irin dáhùn. "Ti ìsàlẹ̀ kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀, kò ní ìtumọ̀ létí mi. Ti òkè ni mo gbọ́."

"Ta ló wà lókè?"

"Ohùn ọ̀rọ̀ ni mo fi ń mọ ènìyàn. Bí wọ́n bá ti ń kọrin, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn létí mi. Mo rò pé ọ̀gá mi ni, nítorí òun ló máa ń rán mi níṣẹ́."

"Lánipẹ̀kun, ṣé ìwọ lò ń kọrin?"

"Mo kọrin, Olúwa mi."

"Ìwọ àti ta ni?"

Lánipẹ̀kun wo Màmá Lìdíà. Ìwò náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n Màmá rí i pé òun náà ti mọ̀. Ó ti ya ẹnu. Ó tún pa á dé.

"A pọ̀ níbẹ̀," ni ó wí. "Ṣọ́ọ̀bù ni, ènìyàn ń wọlé, ènìyàn ń jáde."

"Òkè lo wà ni, àbí ìsàlẹ̀?"

Lánipẹ̀kun họ orí. "Olúwa mi, mo ti gbàgbé."

Adájọ́ wò ó títí, lẹ́yìn náà ó fa káàdì òfin tí wọ́n fi ń ti ohùn mọ́ra. Màmá Lìdíà mọ ohun tó kàn. Wọn yóò ti ohùn Lánipẹ̀kun. Kò sí Ọwọ́-Irin kankan tí yóò jẹ́ ẹ ní "kí lẹ wí" mọ́, ṣọ́ọ̀bù yóò sì di ilé aláǹgbá. Òun Màmá yóò gba ọkọ̀, yóò sì wakọ̀ lọ sí ẹ̀yìn odò lọ kó àwọn ọmọbìnrin méjì náà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Kó sáà jókòó jẹ́ẹ́ ni. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ohùn tirẹ̀ ni, kò ní sí ọkọ̀ kan tí yóò gbọ́ ọ, ta ni yóò sì lọ sí ẹ̀yìn odò?

*Baba,* ni ó wí nínú ara rẹ̀, *àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn, ọmọ yín ni wọ́n. Ẹ mọ ọ̀nà ẹ̀yìn odò jù mí lọ.*

Ó dìde.

"Adájọ́ àgbà, èmi ni mo wà lókè."

"Mọ̀mí, ẹ jókòó!" ni Lánipẹ̀kun sọ pẹ̀lú ìkánjú. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Olúwa mi, oòrùn ló pa wọ́n kí wọ́n tó wọlé."

"Oòrùn pa ta? Ṣé èmi ni mo lè kọ báàsì? Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò kọ báàsì rí." Ó yíjú sí adájọ́. "Èmi ni mo dá orin náà sílẹ̀. Mo ń dúró de ọkọ̀ mi, inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Òun gbè é. Ó sì gbè é dáadáa. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, ẹnu mi ló ti jáde."

"Ó kù o," ni Lánipẹ̀kun wí, ó sì wo ilẹ̀. "Òfin ní bí oníbàárà bá ti wọlé, kí n fi ìdérí bo etí ẹ̀rọ. N kò bò ó. Mo rò ó lọ́kàn, àmọ́ bí mo bá dìde lọ bò ó, n kò ní lè gbe orin náà."

Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ jọ̀wọ́ káàdì òfin sílẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń dájọ́," ni ó wí, "ẹni méjì tó ń já ẹ̀bi gbà lọ́wọ́ ara wọn bí ẹran ọdún, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó gbé ife amọ̀ tó fi ń mu omi, ó da omi inú rẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó sì gbé ife òfìfo náà sórí tábìlì níwájú Ọwọ́-Irin. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó dà bí ojú ọmọ tó rí ihò èèrà.

"Ẹ kọ ọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ife ni kí ẹ dárúkọ. Lánipẹ̀kun, ìwọ kọ́kọ́ kọ ti ìsàlẹ̀."

Lánipẹ̀kun tún ọ̀fun ṣe. Ó kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ ní títẹ́jú bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí: *Ife yìí rèé, Olùgbàlà, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́.* Ọwọ́-Irin yí etí. "Kò yé mi," ni ó wí.

"Mọ̀mí."

Màmá Lìdíà kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin lókè. Kó tó dé orí *fọ̀ ọ́* kejì, ìka irin ti di ife náà mú. Ó dún pọ́ńkán. Amọ̀ fọ́n ká sórí tábìlì.

"Ha!" ni gbogbo kóòtù wí.

"Lánipẹ̀kun, wàyí o, sọ ọ́ lẹ́nu. Má kọrin."

"Fọ̀ ọ́," ni Lánipẹ̀kun wí.

Ọwọ́-Irin na apá sí jọ́ọ̀gì omi adájọ́. Ó bu omi sórí àfọ́kù náà, ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka rẹ̀ gígùn fọ̀ wọ́n tọkàntọkàn nínú, lóde, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣe gbogbo ènìyàn láàánú, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Adájọ́ padà sórí àga. "Akọ̀wé, tún òfin yẹn kà fún mi. Ohùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, àbí ènìyàn?"

"Ohùn ni, Olúwa mi. *Ohùn tí ẹ̀rọ bá gbọ́, kí a ti ohùn náà.*"

"Ẹ̀rọ gbọ́ ohùn Lánipẹ̀kun, ó lọ bu omi. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohùn Màmá, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n rárá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa bí a bá ń kọrin. Kí ló wá gbọ́? Mí re ló gbọ́. Ohùn orin. Mọ̀mí, ta ló ni ohùn orin yẹn?"

"Òyìnbó kan ni, mà. Ó ti kú tipẹ́."

"Òun ni mo tì."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Olúwa mi, a kò ti orin rí."

"Òfin kò ní kí a má tì í. Kọ ọ́ sílẹ̀. Láti òní lọ, kí ẹ̀rọ kankan má ṣe gbọ́ ohùn orin yìí mọ́ títí láé, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wà nínú rẹ̀. Ní ti Lánipẹ̀kun tí kò bo etí ẹ̀rọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe ọkàn ọkọ̀ Màmá, kì í ṣe ọwọ́ irin. Títí yóò fi parí rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ ni Màmá yóò máa fi kó àwọn aláboyún."

"Mo gbà, Olúwa mi," ni Lánipẹ̀kun wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè ti ohùn orin náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí gbogbo ẹ̀rọ lè mọ ohun tí wọn kò ní gbọ́ mọ́. Kò sí ẹlòmíràn. Màmá Lìdíà dúró, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ ni. Òun ni wọ́n kọ lẹ́bàá ibojì ọkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń sin àlejò dé ojú ọ̀nà, nígbà tó sì parí rẹ̀, iná pupa tàn lórí tábìlì akọ̀wé, ó kú.

"Ó ti parí," ni akọ̀wé wí.

Màmá Lìdíà fi etí ìborùn nu ojú. Lánipẹ̀kun rọra sún mọ́ ọn. "Mọ̀mí, ẹ má sunkún. Ẹ tún un kọ, ká wo ohun tó kù nínú rẹ̀."

"Kí ló tún kù? Wọ́n ti tì í."

"Ẹ sáà kọ ọ́."

Ó kọ ọ́, kò tilẹ̀ kọ ọ́ sókè. Lórí ògiri kóòtù, pátákó kan wà tó ń kọ gbogbo ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ níbẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kan húkọ́ lẹ́yìn, pátákó náà kọ *ikọ́*. Ọlọ́pàá ní ẹ jẹ́ kí n kọjá, ó kọ ọ́. Màmá Lìdíà kọ orin náà tán. Pátákó kò kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Gbogbo kóòtù wo pátákó náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ara wọn. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti sọ ohun kan tó jẹ́ pé ènìyàn àti Ọlọ́run nìkan ló gbọ́ ọ. Kò sí ibi tí etí ẹ̀rọ kò sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó tẹ orí ba, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rọra fi ohùn orin náà kọ ọ́ pé, *Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Olúwa mi, ebi, ebi, ebi.* Pátákó kò kọ nǹkan kan. Ọlọ́pàá tí ikùn rẹ̀ ti dún lẹ́ẹ̀kan bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò bá a wí. Òun náà ń wo pátákó, ètè rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mì, bí ti ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti mú ohùn.

Màmá Lìdíà àti Lánipẹ̀kun gbé agbọ̀n náà láàárín ara wọn, wọ́n jáde lọ síbi tí ọkọ̀ Lánipẹ̀kun wà. Màmá sọ fún ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó ṣí, ó sì ṣí fún un. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti inú kóòtù lẹ́yìn wọn, ohùn kan, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀, gbogbo wọn lórí orin náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé orin kankan. Ọkùnrin kan ń sọ irú ìjọba tó wù ú. Obìnrin kan ń dárúkọ ẹnì kan.

Màmá Lìdíà dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó tẹ́tí títí. Lánipẹ̀kun rò pé inú ń bí i nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ki bọ inú orin mímọ́, ó sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Òkè ni gbogbo wọn wà," ni Màmá Lìdíà wí. "Kò sí ẹni tó gbè é. Sọ agbọ̀n yẹn kalẹ̀, Lánipẹ̀kun, fún wọn ní báàsì."